Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ìpápánu òru

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o. Lọ́sàn-án, kò sẹ́ni tó máa pè mí ní wọ̀bìà. Àmọ́ tó bá ti di aago 10 alẹ́, ọ̀fun á bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi tọ́lọ́. Ebi kọ́ o, mo ti jẹun alẹ́ yó. Ọ̀dùnkún díndín inú ọ̀rá, èyí téèyàn ń rún wómúwómú yẹn, lọkàn mi ń fà sí. Tí mo bá ti já ọ̀rá ẹ̀ pẹ́nrẹ́n, àfi kí n gbọn ìdí ẹ̀.

Ẹnì kan ní kí n má rà á sílé mọ́. Mo gbìyànjú ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kẹta, ṣúgà lásán ni mo ń fi ṣíbí bù lá! (Ẹ má rẹ́rìn-ín mi.) Mo mọ̀ pé Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, mo sì máa ń ka ẹ̀yìn ọ̀rá náà dáadáa, lẹ́yìn tí mo bá jẹ ẹ́ tán.

Ṣé kí n tètè máa fọ eyín ni, àbí kí n sún oúnjẹ alẹ́ síwájú? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bọ́ nínú ẹ̀, ọgbọ́n wo lẹ dá sí i?