Ẹ̀yin tí ọkọ̀ háíbíríìdì ti bá pàdé n'Íbàdàn, kí lojú yín rí?

Olùkọ́, Òkè-Àdó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ká bá ara wa sọ̀rọ̀ ọkọ̀ háíbíríìdì yìí, èyí tó ń lo epo àti iná bátìrì pọ̀, bó ṣe ṣojú kálukú wa, torí ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí kò wà á rí ti pọ̀ ju ti àwọn tó ń wà á lọ.

Camry háíbíríìdì ti ọdún 2007 ni èmi ń wà, tòkunbọ̀ ni. Lẹ́yìn tí Ààrẹ Tinubu kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé kò sí owó ìrànwọ́ orí epo mọ́, ọkọ mi ní ká ta jíìpù tá à ń lò, ká wá ọkọ̀ tí kì í mu epo púpọ̀. Àtìgbà tá a ti gbé e dé àdúgbò lẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àǹtí mi ní òun ò ní wọ̀ ọ́ bí òjò bá ṣú, pé iná tó wà nínú rẹ̀ á gbé òun. Baba onílé wa, àgbàlagbà tí mo bọ̀wọ̀ fún gidi, ní ká má gbé e sún mọ́ ògiri, kó má baà gbiná lóru. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan ń bi ọkọ mi pé báwo la ṣe ń rí iná NEPA tó láti fi gbà á. Irú tiwa kì í gba iná ilé rárá. Ẹ́ńjìnnì tó ń jó epo ló ń fún bátìrì ńlá inú rẹ̀ lágbára, àti bíréèkì tí a bá tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òjò yẹn ló ká mi lára jù, torí ìlú tí omi ti ṣe léṣe ni wá. Ẹni tó wà n'Íbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 kò lè gbàgbé, àwọn àgbà wa sì ń sọ ti Ògùnpa ọdún 1980 títí dòní. Nítorí náà mi ò fọwọ́ rọ́ ẹ̀rù àǹtí mi sẹ́yìn, mo wádìí rẹ̀. Iná bátìrì ńlá yẹn kò fara kan irin ọkọ̀ níbì kankan. Wáyà tó ń gbé e lọ àti èyí tó ń dá a padà, inú rọ́bà tó nípọn ni méjèèjì wà. Wọn ò de ìkankan mọ́ bọ́dì bí wọ́n ṣe ń de ti bátìrì kékeré tí gbogbo wa mọ̀. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń ṣọ́ ọ pẹ̀lú. Bí iná bá ń jò sára irin, á tan iná ìkìlọ̀ síwájú awakọ̀. Bí ọkọ̀ bá sì forí sọ nǹkan débi tí báàgì afẹ́fẹ́ fi tú jáde, á já iná bátìrì ńlá kúrò fúnra rẹ̀.

Mo ti wà á nínú òjò ńlá láti Challenge dé Mọ́lété, nǹkan kan ò ṣe wá. Ṣùgbọ́n àgbàrá tó bá ga, mo máa ń yẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì yẹn wà, bí omi bá wọ̀ ọ́, owó tí ẹ ó ná kì í ṣe kékeré.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ èyí tí ẹ gbọ́. Èyí tó ṣojú yín ni mo ń bèèrè.

Ìyá Aláṣọ Òkè, Ọjẹ́

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò ní mọ́tò, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Ṣùgbọ́n mọ́tò yín yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ọjọ́ ọjà ni. Mo di aṣọ rù, mò ń gba ẹ̀gbẹ́ títì lọ. Ẹni tó ru ẹrù kì í lè yí ọrùn wò ẹ̀yìn, etí la fi ń rìn. Dánfó, mo ti máa gbọ́ ọ láti òkèèrè. Ọ̀kadà ńkọ́, ẹni tó sùn gan-an á gbọ́ ọ. Èyí, n ò gbọ́ ohunkóhun, àfi bí nǹkan ṣe fọwọ́ kan ìdí ìró mi. Mo fò, aṣọ dà sínú kòtò. Ọmọkùnrin tó ń wà á sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun rò pé mo ti gbọ́ òun ni, pé òun ń retí kí n yà. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni, n ò bá a jà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi tí ojú rẹ̀ ti fọ́ láti bí ọdún mélòó kan. Etí nìkan ló fi ń mọ̀gbà tí yóò sọdá títì. Kí lẹ ó ṣe nípa tirẹ̀?

Ọmọ Bódìjà, ìlú Òyìnbó

Mama, ẹ kú ewu o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ rí irú rẹ̀ mọ́.

Ohun tí ẹ sọ yìí, àwọn ìjọba ilẹ̀ ibòmíràn ti fi ṣòfin. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò ojú pópó ṣe ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2009. Wọ́n rí i pé níbi tí ọkọ̀ bá ti ń rọra rìn, bíi kó máa fẹ̀yìn rìn tàbí kó máa jáde níbi ìgbọ́kọ̀sí, ti háíbíríìdì tó ń kọlu ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn tó ìlọ́po méjì ti ọkọ̀ elépo lásán. Ní oṣù Kìíní ọdún 2011 ni Ààrẹ Obama fọwọ́ sí òfin pé kí wọ́n jẹ́ kó máa dún. Níhìn-ín ní Yúróòpù, láti oṣù Keje ọdún 2019 ni gbogbo irú tuntun tó bá jáde ti gbọ́dọ̀ máa dún bó bá ń rọra lọ, títí tí eré rẹ̀ á fi dé 20 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Nígbà tó di 2021, ó kan gbogbo èyí tí wọ́n bá ń tà ní tuntun.

Èyí tó dùn mí ni pé tòkunbọ̀ tó wà nílé, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti jáde ṣáájú òfin wọ̀nyẹn. Bó ṣe dákẹ́ ní Japan ló ṣe máa dákẹ́ ní Ọjẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní Bódìjà ní kí wọ́n so ohun tó ń dún mọ́ rifásì tirẹ̀, irú ti tírélà. Mo mọ rírì rẹ̀ torí ọmọ kéékèèké pọ̀ nínú ọgbà wọn.

Ní ti iyì, ó yà mí lẹ́nu bí wọ́n ṣe ń fojú burúkú wò ó nílé. Láti 1997 ni wọ́n ti ń ta Prius, háíbíríìdì ti Toyota, ní Japan. Ní 2003, àwọn òṣèré Hollywood kan fi limosíìnì sílẹ̀, Prius ni wọ́n gbé lọ síbi ayẹyẹ Oscar. Níbi tí mo wà, òun ni àwọn onítakisí fi ń jẹun.

Rewáyà, Ìwó Road

Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ iná mọ́tò ni mò ń ṣe. Olùkọ́ ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: ẹni tó jókòó sínú rẹ̀, iná kò ní gbé e. Ẹ̀rù àwa tí à ń ṣí i ló ń bà mí.

Bátìrì tí gbogbo yín mọ̀, volt 12 ni. Ti Prius 2004 sí 2009, ẹyọ 28 ni wọ́n tò pọ̀ mọ́ra, ìkọ̀ọ̀kan volt 7.2, àròpọ̀ rẹ̀ 201.6. Inverter, ẹ̀rọ tó ń ṣètò iná bátìrì fún mọ́tò, tó wà níwájú tún ń gbé e ga dé 500. Ti Camry bíi ti Olùkọ́, 244.8 ni, ó ń gòkè dé 650. Iná tí NEPA ń mú wá sílé yín kò tó 500 tàbí 650 yẹn rárá. Wáyà tó ń gbé e kiri ni èyí tó ní àwọ̀ ọsàn. Wọn ò fi àwọ̀ yẹn ṣe ẹ̀ṣọ́, ìkìlọ̀ ni.

Ọmọ iṣẹ́ kan ní gáréèjì tó tẹ̀lé tiwa gbé bíléèdì, ó fẹ́ ha rọ́bà wáyà ọsàn yẹn, ó ń wá ibi tóun á ti fa iná fún ẹ̀rọ orin. Mo pariwo mọ́ ọn débi pé gbogbo Ìwó Road yíjú. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ọ̀gá rẹ̀ ò kọ́ ọ torí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Mo mú àwọn méjèèjì jókòó lọ́jọ́ náà, mo sì ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́: ẹ pa ọkọ̀, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ jìnnà sí i, ẹ tú bátìrì kékeré. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó lè gba volt 1000, kó má ní ihò kankan, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹ fa púlọ́ọ̀gì tó wà lára bátìrì ńlá yọ, ẹ fi sápò ara yín, kí ẹlòmíràn má baà tì í padà. Kí ẹ wá dúró ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, torí iná ṣì máa ń wà nínú inverter lẹ́yìn tí ẹ ti fa púlọ́ọ̀gì.

Òmíràn tún ni pé ọkọ̀ tó dákẹ́ kì í ṣe ọkọ̀ tó kú. Bí READY, àmì pé ọkọ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, bá wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ́ńjìnnì lè dédé ta. Ẹni tó bá kó ọwọ́ síbi bẹ́líìtì nígbà náà, ìka rẹ̀ ló fi ń ṣeré. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹ fi í sílẹ̀ báyẹn nínú gáréèjì tó há, torí èéfín.

Ẹ wá gbọ́ ti bátìrì tó ń kú. Ihò kan wà lọ́dọ̀ ìjókòó ẹ̀yìn tí fáànù fi ń fa atẹ́gùn inú ọkọ̀ lọ bá bátìrì kí ó má baà gbóná. N'Íbàdàn, pẹ̀lú ọyẹ́ àti eruku tiwa, ibẹ̀ máa ń dí. Àwọn èèyàn tún ń kó ẹrù dí i. Ọkùnrin kan gbé tirẹ̀ wá, wọ́n ti ní kó lọ ra bátìrì tuntun. Mo tú fáànù, ìdọ̀tí tó wà níbẹ̀ tó kún ìrọ̀rí. A fọ̀ ọ́, a pààrọ̀ àwọn ẹyọ tó ti rẹ̀, ọkọ̀ náà ń rìn títí dòní. Ẹ bẹ rewáyà yín kó máa ṣí ihò yẹn kí ọyẹ́ tó wọlé àti lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí tí mi ò fẹ́ rí mọ́ ni àwọn tó ní ká yọ gbogbo rẹ̀ dànù, ká fi ẹ́ńjìnnì lásán rọ́pò. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi bátìrì ńlá sílẹ̀ nínú búùtù tí wọ́n kàn fi téèpù wé ẹnu wáyà ọsàn. Ẹni tó ra ọkọ̀ yẹn ń kó ọmọ síbẹ̀, kò mọ̀.

Awakọ̀, Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo kí yín. Micra ni mo fi ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, n ò sì ní bú u, torí kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n, kò sì sí páàtì rẹ̀ tí ẹ ò ní rí ní Gate. Nígbà tí ọ̀gá kan gbé háíbíríìdì fún mi, èrò ò fẹ́ wọ̀ ọ́. Bí a bá dúró nínú gosíló, tí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́, obìnrin á ní, "Diréfà, ó ti kú, ẹ jẹ́ n sọ̀ o." Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo fi ń ṣàlàyé. Bí mo bá ń bọ̀ látòkè Màpó sí Bẹẹrẹ, mo máa ń fi ojú dáṣíbọ́ọ̀dù hàn wọ́n, kí wọ́n rí bí iná ṣe ń padà wọ bátìrì bí mo ṣe ń tẹ bíréèkì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní páàkì ń pè é ní ọkọ̀ aláàárẹ̀, wọ́n ní owó ò ká ọ̀gá mi ló fi rà á. Iye tí mò ń kó sílé lójúmọ́ lẹ́yìn owó epo, àwọn náà mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ìbejì, Àpáta

Inú mi ò dùn bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tó ta ọkọ̀ fún mi ti ṣí orúkọ "Hybrid" kúrò lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí rewáyà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ló bi mí pé, "Ìyá, ṣé ẹ mọ irú ọkọ̀ tí ẹ ń wà?" Mo padà lọ bá ẹni náà. Ó ní bí òun bá fi orúkọ yẹn sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rà á.

Ẹ wo ohun tí ìtìjú orúkọ lè fà. Bí ọkọ̀ bá dojú dé lọ́nà Èkó, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, àwọn tó fẹ́ yọ wá, àwọn pánápaná tó fẹ́ gé irin, orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó mọ ibi tí wọn ò gbọdọ̀ gé. Páńẹ́lì bítà tó fẹ́ jó irin nílò rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí Rewáyà sọ yẹn nílò rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí i kúrò ti bo ìkìlọ̀ mọ́lẹ̀ nítorí owó. Mo ti ní kí wọ́n kọ ọ́ padà sára tèmi, gàdàgbà, níwájú àti lẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ fi pè mí ní aláìlówó, kó máa pè mí.

Olùkọ́, Òkè-Àdó

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun gan-an. N ò ro ti pánápaná yẹn rí. Mo lọ wo tèmi báyìí, ti ẹ̀yìn wà, ti ẹ̀gbẹ́ kan ti já. Mo máa ṣe é lọ́la.

Ìyá Aláṣọ Òkè, Ọjẹ́

Rewáyà, ọmọ mi, ohun tó ń dún tí ará ìlú Òyìnbó yẹn sọ, ṣé o lè bá ọmọkùnrin tó kọlù mí so ó? Ó máa ń gba ọ̀dọ̀ mi kọjá, ó sì ti ń kí mi.

Rewáyà, Ìwó Road

Mo lè so ó, Mama, kò wọ́n. Ẹ ní kó wá bá mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé ìgbà tó bá ń fẹ̀yìn rìn nìkan ni ìyẹn máa dún. Bó bá ń bọ̀ níwájú láàárín ọjà, kó ṣí wíńdò, kó máa tẹ fèrè wẹ́rẹ́ láti ọ̀ọ́kán, kó sì dúró títí ẹni tó ru ẹrù á fi yà. Mo máa sọ ọ́ fún un fúnra mi tó bá dé.