Àròkọ onífídíò lórí sinimá: kí ló sọ ọ́ di gígùn báyìí?

Ọmọ Òmù-Àrán:
Mo kí gbogbo ilé. Mo ń gbèrò láti ṣe fídíò tí n ó fi ṣàlàyé iṣẹ́ tí ìlù ń ṣe nínú sinimá Yorùbá, kí n máa fi ohùn ara mi sọ̀rọ̀ bí àwòrán ṣe ń lọ. Irú èyí tí mo kọ́kọ́ gbádùn kì í gùn, àmọ́ wákàtí méjì, wákàtí mẹ́ta ló gbòde báyìí. Kí ló fà á, èwo ni kí n sì tẹ̀ lé?

Àlàó Tankẹ:
Ọ̀nà yìí ti wà kí YouTube tó dé ní 2005: láti 1988 títí di 1998 ni Jean-Luc Godard, olùdarí sinimá ará Faransé, fi ń gé sinimá àwọn ẹlòmíràn, tó ń so wọ́n pọ̀, láti fi sọ ìtàn sinimá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni òdiwọ̀n fídíò ọ̀pọ̀ èèyàn lórí YouTube títí di 2010. Nígbà tó di 2012, iléeṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo iye àkókò tí èèyàn fi wo fídíò, dípò iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kó tó gbé e síwájú àwọn mìíràn. Bí gígùn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lérè nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fídíò kúkúrú ni Tony Zhou àti Taylor Ramos, tí wọ́n jọ ṣe irú àròkọ yìí lórí YouTube, fi gbajúmọ̀ láti 2014.

Ìyá Ọ̀fà:
Gígùn kọ́ ni mo kà sí ìyípadà gan-an. Nínú iṣẹ́ Zhou àti Ramos, àwòrán ni ẹ̀rí: wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á dákẹ́, òǹwòran á sì fojú ara rẹ̀ rí i. Ọ̀pọ̀ èyí tó gùn lónìí, bí èèyàn bá dijú gbọ́ ọ, kò sí ohun tí yóò pàdánù, bíi rédíò ló rí. (N kò bú rédíò o.) Nítorí náà, ọmọ mi, bí o bá dé orí Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999, níbi tí ìlù ti so ọba àti ìlú pọ̀, panu mọ́ kí a gbọ́ ìlù.

Ọmọ Òmù-Àrán:
Ẹ ṣeun, mà. Ibi tí ẹ ní kí n dákẹ́ sí yẹn ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí Content ID, ẹ̀rọ tí YouTube fi ń wá iṣẹ́ oníṣẹ́ nínú fídíò, máa ń tètè dá orin mọ̀.

Àlàó Tankẹ:
Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti 2022 ní Nàìjíríà gbà kí a lo iṣẹ́ ẹlòmíràn níwọ̀nba fún lámèyítọ́ àti àgbéyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ òfin. Bó bá mú ọ, àfi kí o kọ̀wé tako ìdájọ́ rẹ̀. Mú ibi tí o nílò nìkan, dárúkọ ẹni tó ni iṣẹ́, kí àlàyé rẹ sì wà ṣáájú ìlù àti lẹ́yìn rẹ̀.