Káàdì kírẹ́dítì mélòó léèyàn lè lò torí póíńtì ìrìn-àjò?

Ẹsẹ̀Ń-yúnmi: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, káàdì kan péré ni mo ní ní Amẹ́ríkà níbí, mo wá ń gbọ́ pé àwọn kan ń lo mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n á fi póíńtì tí káàdì ń fún wọn bí wọ́n ṣe ń ná an gba tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ṣé òótọ́ ni àbí ọgbọ́n tí bánkì fi ń kó gbèsè sí wa lọ́rùn?

Mọ̀kánjú: Òótọ́ ni jàre. Bọ́nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì ni nǹkan gidi wà, àmọ́ wọ́n á ní kó o ná iye kan, ó sábà máa ń jẹ́ láàárín oṣù 3, torí náà má gba méjì pọ̀. Tó bá jẹ́ káàdì Chase, ìyẹn bánkì ńlá kan ní Amẹ́ríkà, lo fẹ́, tiwọn ni kó o kọ́kọ́ gbà, torí tó o bá ti ṣí káàdì 5 láàárín oṣù 24, ní bánkì yòówù kó jẹ́, wọn kì í sábà fún èèyàn mọ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ti èlé! Ó lè ju 20% lọ lọ́dún o, tẹ́ ò bá lè san gbogbo ẹ̀ tán lóṣooṣù, ẹ má dán an wò. Káàdì míì tún ń yọ bíi 3% tẹ́ ẹ bá ná an nílẹ̀ òkèèrè, kí ni arìnrìn-àjò fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Ẹsẹ̀Ń-yúnmi: Ẹ ṣé mà. Èyí tí mi ò bá lò mọ́ ńkọ́, ṣé kí n pa á dé?

Mọ̀kánjú: Tí kò bá ti ń gba owó ọdọọdún, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí pípa á dé lè fa kírẹ́dítì skọ̀ ẹ, ìyẹn máàkì tí àwọn bánkì fi ń mọ bó o ṣe ń san gbèsè sí, wálẹ̀. Èyí tó ń gbowó, ní kí wọ́n bá ẹ yí i sí ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí póíńtì ẹ.