Iṣẹ́ ayàwòrán géèmù: ṣé ẹni tó wà nílé níbí lè rí i ṣe, àbí mò ń tan ara mi?

Ayàwòrán_Mọ́kọ́lá:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Ìbàdàn ni mo wà, ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń jẹun, káàdì ìgbéyàwó, pósítà òkú, bánà ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n á ṣáà ní kí fọ́tò pásítọ̀ tóbi ju gbogbo nǹkan lọ. Ṣùgbọ́n géèmù ló wà lọ́kàn mi, kì í ṣe ká máa gbá a o, ká máa ya àwọn nǹkan tó wà nínú ẹ̀ ni, èèyàn, ilé, mọ́tò, títí dórí garawa tó wà nígun ilé. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń fi òru kọ́ Blender, sọ́fúwíà tí wọ́n fi ń ya nǹkan tó ṣeé yí wò yíká (3D), nígbà tí dátà máa ń pọ́ọ́kú. Láptọ́ọ̀pù mi 8GB RAM ni, kò ní graphics card, tí mo bá ní kó ṣe render, ìyẹn kó sọ ọ́ di àwòrán tó parí, mo lè lọ pọnmi, kí n wẹ̀, kí n padà wá bá a níbi tó wà.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ilé iṣẹ́ kan lókè òkun, mi ò ní dárúkọ wọn, ní àwọn ń wá ẹni tó máa bá àwọn ṣe 3D fún géèmù fóònù. Wọ́n ní kí n ya mọ́tò kan wá káwọn wò, ọ̀fẹ́ ni o, kò sówó níbẹ̀. Mo ya dánfó. Ọjọ́ mọ́kànlá. Mo ra epo jẹnẹrétọ̀ sí i, mo ya gbogbo nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ táyà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ya okùn tí wọ́n fi so ilẹ̀kùn, mo tiẹ̀ ya Gala tí ẹnì kan jẹ kù sórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo fi ránṣẹ́, kẹ́kẹ́ pa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìlà kan ṣoṣo dé, pé ó dáa ṣùgbọ́n ó ti wúwo jù. Ó parí. Mo lọ wò ó nínú Blender, triangle 84,000 ló wà lára ẹ̀, àwọn onígun mẹ́ta kéékèèké tí wọ́n fi ń to nǹkan 3D pọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, wúwo báwo, nígbà tó jẹ́ pé ó jọ dánfó gidi? Àti pé ṣé ẹnì kan wà níbí tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun lóòótọ́, nílé níbí, àbí èèyàn gbọ́dọ̀ jápa ná? Bàbá mi ti ń bi mí pé ìgbà wo ni mo máa fi mọ́tò ọmọdé sílẹ̀.

ỌmọMùṣín_3D:

Àbúrò, o káre, ẹ̀rín pa mí níbi Gala yẹn. Ó tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ṣe prop fún géèmù fóònù l'Ékòó, àpótí, tábìlì, kẹ̀kẹ́ Márúwá, ìkòkò, àwọn nǹkan tẹ́nikẹ́ni kì í wò lẹ́ẹ̀mejì, torí ẹ̀ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ. Àwọn yẹn ò bi ẹ́ bóyá o mọ mọ́tò yà. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá o mọ ohun tí fóònù lè gbé ni. Fóònù tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, Tecno àti Itel ni, ó sì gbọ́dọ̀ máa tún gbogbo ohun tó wà lójú ẹ̀ yà ní ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní títì Òṣòdì lo fẹ́ ṣe, dánfó 20 wà níbẹ̀, 84,000 lọ́nà 20 ti di 1,680,000, o ò tíì ya ilé kan, o ò tíì ya ènìyàn kan, ìyá tó ń ta àgbàdo ò tíì dé ibẹ̀. Fóònù yẹn á gbóná bí áyọ́ọ̀nù.

Níbi tí mo wà, dánfó tó máa kàn dúró lẹ́bàá títì, wọ́n lè ní 2,500 tàbí 3,000 triangle lo ní, kó o lọ wá bó o ṣe máa ṣe é. Kì í ṣe pé kó o ju nọ́ọ̀tì yẹn nù o! Èyí tó o ti yà, tọ́jú ẹ̀ pa mọ́, òun là ń pè ní high poly. Wá ya òmíràn tó rí bíi páálí tí wọ́n ká pọ̀, gbé e sójú kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, kó o wá bake normal map, ìyẹn kó o tẹ àwọn ọnà ara ti àkọ́kọ́ sórí àwòrán kan tó o máa fi bo òmíràn yẹn. Ohun tí normal map ń ṣe ni pé ó ń tan iná tó ń tàn sára nǹkan jẹ, ojú á rí nọ́ọ̀tì, á rí ihò, á rí ibi tí páànù ti tẹ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ gbogbo ibẹ̀ pẹlẹbẹ ni. Okùn ilẹ̀kùn, inú texture, àwòrán tá a fi ń bo ara ẹ̀ bí aṣọ. Ìlà dúdú méjì tó wà lára yẹ́lò yẹn, inú texture. Ìpata, inú texture. Ibi tó yẹ kó jẹ triangle ẹ ni ibi tó máa hàn ká ní òjìji mọ́tò yẹn nìkan là ń rí: òrùlé ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀, dígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìyẹn nìkan.

Texture ẹ ńkọ́? Mo lè fowó lé e pé 4096 lo lò, iye píksẹ́lì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan nìyẹn. 2048 lórí 2048 kan ṣoṣo, tí wọn ò bá fún un pọ̀, 16MB ló ń jẹ nínú mẹ́mórì, 1024 jẹ́ 4MB, ojú fóònù kékeré ò sì mọ ìyàtọ̀. Àwa gan-an, dánfó, kẹ̀kẹ́, búkà, bẹ́ǹṣì, sórí texture kan la máa ń kó gbogbo wọn, à ń há wọn mọ́ra bí ẹni ń di ẹrù sínú Ghana-Must-Go.

Láptọ́ọ̀pù yẹn á tó ẹ fún irú iṣẹ́ yìí, mọ́tò 3,000 triangle ò ní yọ ọ́ lẹ́nu, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tà ẹ́ ní Maya, sọ́fúwíà 3D olówó, tí wọ́n jí. Blender yẹn gan-an, ọdún 2002 làwọn èèyàn kárí ayé dáwó jọ, €100,000, kí wọ́n fi rà á sílẹ̀ fún gbogbo wa, torí náà lò ó kára.

Ní ti jíjẹun nílé, ó wà, kò kàn pọ̀ ni. Maliyo wà l'Ékòó láti 2012, àwọn ló bá Disney ṣe géèmù Iwájú: Rising Chef tó jáde ní 2024, wọ́n sì ní ètò kan tí wọ́n fi ń kọ́ni, GameUp Africa, lọ wò ó. Àmọ́ kí n má parọ́ fún ẹ, iṣẹ́ olówó oṣù ò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ wa ló ń gba iṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó, Payoneer ló ń gbé owó ẹ̀ wá, oṣù yìí ó dáa, oṣù tó ń bọ̀ gàrí ni. Èmi náà ṣì ń ya ilé fáwọn architect tọ́jà bá dákẹ́. Má tíì fi ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ o jàre.

Àgbà_Photoshop:

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fún ọmọ yìí. AI ti dé. Concept art lèmi ń ṣe, àwòrán tí wọ́n kọ́kọ́ ń yà kí wọ́n tó ṣe géèmù, oníbàárà mi méjì ò pè mí mọ́, ẹni tó pè mí gbẹ̀yìn, àwòrán tí ẹ̀rọ ti yà ló fi ránṣẹ́ pé kí n bá òun tún ọwọ́ ẹ̀ ṣe, ìka méje ló wà lọ́wọ́ kan! Ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí mo máa ń gbà ló fún mi, mo sì gbà á, torí ilé ń béèrè. Kó lọ kọ́ UI, yíya bọ́tìnì àti nǹkan tí èèyàn ń tẹ̀ lójú géèmù. Kò sí géèmù tí ò ní bọ́tìnì.

Àbẹ̀ní_Leamington:

Ẹ̀gbọ́n Photoshop, ìka méje yẹn dùn mí fún yín. Ní oṣù kejìlá 2022, èmi náà wà lára àwọn tó gbé àmì pé a ò fẹ́ AI sórí ArtStation, ìkànnì tí àwọn ayàwòrán ń gbé iṣẹ́ wọn sí, ojú ìwé àkọ́kọ́ wọn kún fún un fọ́fọ́. Òótọ́ ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí concept lẹ ń fara gbá a jù. Ṣùgbọ́n mo ti tú mọ́tò 3D tí ẹ̀rọ yà wò, triangle ara ẹ̀ lọ́ mọ́ra bí irun tí wọn ò yà fóṣù mẹ́fà, UV ẹ̀, bí wọ́n ṣe tẹ́ ara ẹ̀ sílẹ̀ kí texture lè bá a mu, fọ́ yángá, ẹni tí wọ́n bá ní kó tún un ṣe á ní kóun kúkú bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. UI tẹ́ ẹ ní kó lọ kọ́ yẹn náà, ṣé ẹ rò pé ẹ̀rọ ò lè ya bọ́tìnì ni?

Àbúrò Mọ́kọ́lá, environment artist ni mí, àyíká inú géèmù ni mo ń yà, Leamington Spa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo wà, ìlú kékeré kan báyìí ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ géèmù pọ̀ níbẹ̀ débi tí wọ́n ń pè é ní Silicon Spa. Ilé ìwé ni mo bá wá. Nígbà yẹn ó ṣì rọ̀ díẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2024 wọ́n gbé owó oṣù tí èèyàn gbọ́dọ̀ máa gbà lọ́dún kó tó rí físà òṣìṣẹ́ sókè sí £38,700, ní oṣù keje 2025 ó tún di £41,700. Wọ́n ń dín in kù díẹ̀ fọ́mọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, bó tiẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ junior artist kì í sábà gba iye yẹn níbí. Torí náà ẹni tó bá ní kó o ta ilẹ̀ bàbá ẹ tìtorí iṣẹ́ yìí, sá fún un.

Iṣẹ́ gan-an tún ti há. Ní oṣù kìíní 2024 Microsoft ní kí 1,900 èèyàn máa lọ ní ẹ̀ka géèmù wọn, oṣù tó tẹ̀ lé e Sony náà ní àwọn máa dá bíi 900 dúró, wọ́n sì ní àwọn máa ti ilé iṣẹ́ géèmù tí wọ́n ní ní Lọ́ńdọ̀nù pa. Àwọn ọ̀gá tó ti ṣe é fọ́dún mẹ́wàá ló ń bá àwọn ọmọ tuntun du àyè kan náà. Èmi náà wà lára àwọn tí wọ́n ní kó máa lọ lọ́dún yẹn. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ò tóbi, wọ́n pè wá sípàdé lórí kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí mo máa po tíì tán kí n padà wá jókòó, password mi ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ohun tó pa mí lẹ́kún níbẹ̀ kì í ṣe owó. Ọjà alẹ́ kan ni mo fi oṣù mẹ́rin yà, àtùpà lórí àtẹ, omi òjò tó kó jọ sórí tapólì tó fi tẹ̀ wálẹ̀ láàárín, mo mú un látinú ọjà ìyá mi ni. Géèmù yẹn ò jáde mọ́. Mo sì ti fọwọ́ sí NDA, ìwé àdéhùn pé mi ò ní tú àṣírí iṣẹ́ síta, mi ò lè fi han ẹnikẹ́ni láéláé. Àwòrán tí mo ti yà látọdún 2021 ni mo fi wáṣẹ́ kiri.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí fún ẹ ni pé dánfó ẹ yẹn, tó ò bá ti fọwọ́ sí ìwé kankan, tìẹ ni. Tún un ṣe bí ẹ̀gbọ́n Mùṣín ṣe wí, kó o gbé e síta. Fi wireframe ẹ̀, ìlà àwọn triangle ẹ̀, hàn, fi texture ẹ̀ hàn, kọ iye triangle sábẹ́ ẹ̀. Nígbà kan wọ́n ní kí n bá wọn yẹ portfolio, àkójọ iṣẹ́ àwọn tó ń wáṣẹ́, wò, èyí tó wà níwájú mi lé ní igba, a ò lo ìṣẹ́jú kan lórí ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá kó dírágónì, logo ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́tò àti àwòrán ìyá ẹ̀ sójú kan, a ti kọjá lára ẹ̀. Nǹkan mẹ́rin tó dáa tó, tó bá ti jẹ́ irú iṣẹ́ kan náà.

Nígbà míì tí wọ́n bá tún gbé ìdánwò wá, kó o tó fọwọ́ kan máòsì, bi wọ́n: triangle mélòó, texture báwo, ọjọ́ mélòó. Tó bá ti ju ọjọ́ méjì lọ, sọ iye tó o máa gbà. Àwọn kan ò ní dá ẹ lóhùn mọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ẹ wà lọ́wọ́ ẹ nìyẹn.

Tẹ́ńté_Dùgbẹ̀:

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa 3D o, mo kàn ń kọjá lọ ni. Ọmọ Ìbàdàn wo ló ń ya dánfó? Micra ńkọ́? Méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, búùtù tí ò lè dé torí àpò èlùbọ́. Èkó, Èkó, Èkó ṣáá.

Ayàwòrán_Mọ́kọ́lá:

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Àǹtí Àbẹ̀ní, ẹ pẹ̀lẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà alẹ́ yẹn, mo kà á fún ìyàwó ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, ó ní kí n bá òun kí yín. Mi ò fọwọ́ sí ìwé kankan.

Mo ṣe é lóru àná. Mo ya páálí yẹn látìbẹ̀rẹ̀, ó di 3,140, ẹsẹ̀ táyà ló jẹ èyí tó pọ̀ jù. Mo fi 1024 bake é, nọ́ọ̀tì yọ lóòótọ́, mo ń yí i síwá sẹ́yìn bí ọmọdé! Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àti abẹ́ dígí iwájú dúdú kirimu, bí ẹni pé iná jó o. Kí ni mo ṣì ṣe? Bọ̀ọ̀dá Tẹ́ńté, Micra ló kàn.

ỌmọMùṣín_3D:

3,140, ó dáa jọjọ. Táyà yẹn, dín igun ẹ̀ kù sí 12, kò sẹ́ni tó máa kà á. Dúdú yẹn, ó lè jẹ́ nǹkan méjì. Kọ́kọ́ mú gbogbo ojú ẹ̀ nínú Edit Mode kó o tẹ Shift+N, ó ṣeé ṣe kí àwọn kan ti kọjú sínú. Tí kò bá lọ, níbi tó o ti ń bake, fi kún Extrusion díẹ̀díẹ̀, torí páálí ẹ ti rì sínú dánfó ńlá níbẹ̀, kò rí i mọ́. Kó o sì rí i pé Non-Color ni normal map ẹ wà, kí Blender má kà á sí àwọ̀, gbogbo wa la máa ń gbàgbé ìyẹn.

Gala ńkọ́?

Ayàwòrán_Mọ́kọ́lá:

Extrusion ni o! Ó ti mọ́ kedere. Gala wà nínú texture, ẹ̀gbọ́n, mi ò lè jù ú nù.