Báwo ni mo ṣe lè dá olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ mọ̀ nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó gùn?

Afẹ́kọ̀ọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà gírámà. Bí gbólóhùn bá kúrú bíi "The boy kicked the ball", kò sí wàhálà: "the boy" ni olùwà, "kicked" ni ọ̀rọ̀-ìṣe, "the ball" ni àbọ̀. Bó bá ti gùn díẹ̀ ni ó máa ń dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ wo mẹ́ta yìí:

"The keys to the old cupboard near the window are missing."
"The children playing outside make too much noise."
"Her brother became a doctor."

Nínú ti àkọ́kọ́, kí ló dé tí wọ́n fi lo "are", nígbà tó jẹ́ pé "window" tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan? Nínú ìkejì, ṣé "playing" ni ọ̀rọ̀-ìṣe ni àbí "make"? Nínú ìkẹta, ṣé "a doctor" kì í ṣe àbọ̀ ni? Ọ̀nà tí mo lè máa gbà yanjú gbólóhùn èyíkéyìí ni mo ń wá, kì í ṣe ìdáhùn mẹ́ta yìí nìkan. Ẹ ṣeun.

Olóye Gbólóhùn:
Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kì í ṣe olùwà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń mú ọ̀rọ̀-orúkọ tó bá kọ́kọ́ hàn sí wọn, wọ́n á ní olùwà nìyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣìnà.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó gbé gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ró máa ń yí padà bí ìgbà bá yí padà. Ẹ fi "yesterday" ṣáájú gbólóhùn yín, kí ẹ wá tún un kà: "Yesterday the children playing outside made too much noise." "Make" ti di "made", àmọ́ "playing" kò yẹsẹ̀. "Make" ni ọ̀rọ̀-ìṣe yín. Irú àwọn ọmọ tí à ń wí ni "playing outside" kàn ń sọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a bá fi -ing kún ní ìparí kò lè dá gbé gbólóhùn ró, àyàfi tí "is", "are", "was" tàbí ẹbí wọn bá ṣáájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí "to" wà níwájú rẹ̀, bíi "to sleep".

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yìí, can, could, may, might, shall, should, will, would, must, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó o pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé e. "She should have been told": ọ̀rọ̀ mẹ́rin láti "should" dé "told", àpólà-ìṣe kan ṣoṣo.

Ó wá ku olùwà. Ẹ sọ gbólóhùn náà di ìbéèrè tí a lè fi "yes" tàbí "no" dáhùn: "Are the keys to the old cupboard near the window missing?" Ẹ rí i pé "are" fò sókè lọ sí iwájú. Gbogbo ohun tó fò kọjá, láti "the" títí dé "window", ni olùwà lódindi. Bí gbólóhùn kò bá ní irú ọ̀rọ̀ tó lè fò bẹ́ẹ̀, ẹ fi "do", "does" tàbí "did" sí iwájú: "Do the children playing outside make too much noise?" Ohun tó bọ́ sáàárín "do" àti "make" ni olùwà.

Ní ti "are", inú olùwà yẹn lẹ ti máa wá ọ̀rọ̀-orúkọ tó jẹ́ olórí. Ẹ fa igi sórí gbogbo àpólà tí ọ̀rọ̀ atọ́kùn (preposition) bẹ̀rẹ̀: "to the old cupboard", "near the window". "The keys" ló kù, ọ̀pọ̀ sì ni, ìdí nìyẹn tí ó fi gba "are". Ọ̀rọ̀-orúkọ tó bá wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ atọ́kùn kò láṣẹ lórí ọ̀rọ̀-ìṣe, bó ti wù kó sún mọ́ ọn tó. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ "One of the boys is here", kì í ṣe "are". Ẹ ṣọ́ra fún "a number of" ṣá o. "A number of students are absent" ló tọ́, nítorí ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n pọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ "the number of students", iye gan-an là ń sọ, "is" ni yóò gbà.

Gbẹ́nugbẹ́nu:
Èyí tó yá jù ni kí ẹ béèrè pé "ta ló ṣe é?" Ẹni tó ṣe nǹkan ni olùwà, ẹni tí wọ́n ṣe é sí ni àbọ̀. Kò le rárá.

Ìyá Gírámà:
Gbẹ́nugbẹ́nu, ẹ má bínú, ìlànà yẹn ń tan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ. Nínú "The boy was beaten", ọmọ náà kò ṣe nǹkan kan, òun ni wọ́n nà, síbẹ̀ òun ni olùwà. Nínú "The window broke", ta ni fèrèsé ṣe nǹkan sí? Nínú "It is raining", kò tilẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó ń ṣe nǹkan, "it" ló sì jẹ́ olùwà. Ipò tí ọ̀rọ̀ dì mú nínú gbólóhùn là ń wò. Èmi fara mọ́ ọ̀nà tí Olóye Gbólóhùn là sílẹ̀. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé nínú gbólóhùn àṣẹ bíi "Close the door", "you" ni olùwà tí a kò kọ sílẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé "Wash yourself" là ń sọ, a kì í sọ "Wash himself".

Ó ku "Her brother became a doctor". Kì í ṣe àbọ̀. Ẹni kan náà ni "her brother" àti "a doctor" nínú gbólóhùn yìí. Ọ̀rọ̀ tó ń parí àlàyé nípa olùwà ni "a doctor", àṣekún ni a ń pè é. Ìdánwò rẹ̀ ni pé àbọ̀ sábà máa ń ṣeé gbé sípò olùwà: "The dog bit the man" lè di "The man was bitten by the dog". Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í sọ pé "A doctor was become by her brother". Be, become, seem, àti feel, look, taste nígbà tí wọ́n bá ń ṣàpèjúwe, àṣekún ni wọ́n ń mú tẹ̀ lé wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ "The soup tastes good", tí kì í ṣe "well".

Ìdánwò yẹn ní ibi tí kò dé. "They have a car" ní àbọ̀, síbẹ̀ a kì í sọ "A car is had by them". Níbi tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ bi ara yín bóyá nǹkan kan náà ni méjèèjì. Wọn kì í ṣe ọkọ̀, nítorí náà àbọ̀ ni.

Ẹ tún fi méjì yìí wéra: "They gave the girl a book" àti "They made the girl captain". Ó jọ pé bákan náà ni wọ́n rí. Ẹ fi "is" sáàárín nǹkan méjì tó gbẹ̀yìn. "The girl is a book" kò bọ́gbọ́n mu, àbọ̀ méjì ló wà níbẹ̀: ìwé ni ohun tí wọ́n fún un, ọmọbìnrin náà ni ẹni tó gbà á. "The girl is captain" bọ́gbọ́n mu, nítorí náà àbọ̀ kan ló wà, "captain" sì jẹ́ àṣekún rẹ̀.

Afẹ́kọ̀ọ́:
Ẹ ṣeun gan-an, ó ti ń yé mi. Ìbéèrè méjì ló kù. Mo kà á pé "water" jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ṣùgbọ́n mo rí "They water the garden every morning". Èkejì, ṣé ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni "up" nínú "He looked up the word"?

Olóye Gbólóhùn:
Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí ìsọ̀rí kí ẹ tó rí i nínú gbólóhùn. "The water is cold": ọ̀rọ̀-orúkọ. "They water the garden": fi "yesterday" síwájú, ó di "watered", ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Ẹ wo "fast" náà. Nínú "a fast runner" ó ń yán ọ̀rọ̀-orúkọ, nínú "She runs fast" ó ń pọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe lé, nínú "They fast for a whole day" ọ̀rọ̀-ìṣe ni òun fúnra rẹ̀.

Ní ti "up", ẹ gbìyànjú láti ṣí i nípò. "He looked the word up" dára, nítorí náà ara ọ̀rọ̀-ìṣe ni "up", "the word" sì ni àbọ̀. Ṣùgbọ́n "He looked up the stairs" kò lè di "He looked the stairs up", torí pé ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni "up" níbẹ̀, ó ń sọ ibi tó wò.

Ẹ jẹ́ kí n fi "to" kún un, nítorí òun ló ń fa àṣìṣe jù. Nínú "I want to see you", àmì ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Nínú "I look forward to seeing you", ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni, -ing ló sì ń tẹ̀ lé e. Ẹ fi ọ̀rọ̀-orúkọ dán an wò: "I look forward to the meeting" ṣeé sọ, "I want to the meeting" kò ṣeé sọ.

Afẹ́kọ̀ọ́:
Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú: "The man who sold us the land has given his youngest daughter the documents." Olùwà: "the man". Ọ̀rọ̀-ìṣe: "sold". Àbọ̀: "us" àti "the land".

Ìyá Gírámà:
Ẹ sún mọ́ ọn, àmọ́ ẹ yanjú èyí tó wà nínú kí ẹ tó kan ti ìta. Ẹ ka iye ọ̀rọ̀-ìṣe tó ní ìgbà: "sold" àti "has given". Méjì ni, awẹ́ gbólóhùn méjì ló wà nìyẹn. Ẹ fi àmì yí èyí tí "who" bẹ̀rẹ̀ ká, láti "who" dé "land", nítorí pé ó ń yán "man". Ẹ wá bi ìbéèrè: "Has the man who sold us the land given his youngest daughter the documents?" "Has" fo gbogbo "the man who sold us the land", olùwà lódindi nìyẹn, "man" sì ni olórí rẹ̀. "Has given" ni àpólà-ìṣe. Àbọ̀ méjì ló tẹ̀ lé e: "his youngest daughter" ló gbà á, "the documents" ni ohun tó gbà. Nínú awẹ́ kékeré yẹn, "who" ni olùwà, "sold" ni ọ̀rọ̀-ìṣe, "us" àti "the land" sì ni àbọ̀ méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ wọ́n.