Fláàṣì olówó pọ́ọ́kú fún Canon 2000D: èwo ni kí n rà?

Onílẹ́ńsìkan: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Canon EOS 2000D ni mò ń lò, pẹ̀lú lẹ́ńsì 18-55mm tó bá a wá. Fláàṣì ara kámẹ́rà náà ń mú kí ojú èèyàn máa dán bíi pé wọ́n fi òróró pa á, òjìji dúdú sì máa ń hàn lára ògiri lẹ́yìn wọn. Inú gbọ̀ngàn ni mo ti ń ya fọ́tò jù. Mo ń wo Yongnuo YN560 IV àti Godox TT600 torí pé owó wọn ò ga. Èwo ni kí n mú?

Atanná: Mánúà ni méjèèjì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa yan agbára iná láti 1/1 dé 1/128. TT600 ni màá mú, torí rédíò inú ẹ̀ á bá àwọn Godox yòókù ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra kún un lọ́jọ́ iwájú.

Ọ̀gá Ṣọ́tà: Ẹ dúró ná, ẹ má tíì sanwó! Ẹ wo orí kámẹ́rà yín níbi tí fláàṣì ń wọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, ojú irin róbótó kan wà láàárín ibẹ̀, òun ló ń sọ fún fláàṣì mánúà pé àsìkò tó láti tàn. Canon yọ ọ́ kúrò lórí 2000D, 4000D àti 250D. Tẹ́ ẹ bá gbé TT600 tàbí YN560 lé e, á jókòó dáadáa, á tàn tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnì ìdánwò, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ya fọ́tò, kò ní tàn rárá. Àwọn èèyàn á wá máa dá fláàṣì lẹ́bi.

Fláàṣì E-TTL ti Canon (irú tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ń yan agbára iná fún) lẹ nílò, èyí tó ń gba ọ̀rọ̀ láti àwọn ojú irin kéékèèké tó kù. Tó bá jẹ́ Godox, ẹ wá èyí tí lẹ́tà C wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, bíi TT685II-C. N jẹ́ ti Nikon, S ti Sony. Àwọn fláàṣì kan wà tó jẹ́ pé àfi kí wọ́n tún firmware (ètò inú) wọn ṣe kí wọ́n tó gbà fún kámẹ́rà tí kò lójú irin yìí, nítorí náà ẹ gbé kámẹ́rà yín dání, kẹ́ ẹ dán an wò kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Àlòkù Canon 430EX II náà dáa. Ẹ fi 270EX II sílẹ̀: orí rẹ̀ ń gbójú sókè lóòótọ́, àmọ́ kì í yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tẹ́ ẹ bá sì gbé kámẹ́rà nàró, kò ní lè kọjú sí àjà mọ́.

Onílẹ́ńsìkan: Mo ti wò ó, lóòótọ́ ni, kò sí nǹkan kan láàárín. Ẹ ṣeun gan-an. Wọ́n kọ GN (guide number, nọ́ńbà agbára iná) 60 sí Godox, 43 sí 430EX II. Ṣé Godox ló wá lágbára jù nìyẹn?

Atanná: Òótọ́ ni Ọ̀gá Ṣọ́tà sọ, 2000D yẹn kò ní gba TT600. Ní ti GN, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn tàn yín. Orí Godox ti sún dé 200mm kí wọ́n tó wọn 60 yẹn, ti Canon sì jẹ́ 105mm. Ìwọ̀n 35mm ni kẹ́ ẹ wò nínú ìwé àwọn méjèèjì. Ẹ fi f (nọ́ńbà bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó) pín GN, ẹ ó rí iye mítà tí iná á dé ní ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó) 100. Ká ní GN jẹ́ 32, f/4 á dé mítà 8. ISO 400 á sọ ọ́ di 16.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń ta iná lu àjà, tó sì jẹ́ ìyẹn ló máa gbà yín lọ́wọ́ ojú dídán àti òjìji, ìdá mẹ́rin iná náà, ọ̀kan péré ló sábà máa ń kù. Lẹ́ńsì yín tún ń dé f/5.6 ní 55mm. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ISO 800. Àjà funfun ni o; aláwọ̀ ewé á sọ ojú èèyàn di ewé. Tí àjà bá ga jù, ẹ yí orí fláàṣì sí ògiri funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Alágbára Bátìrì: Ẹ má gbàgbé bátìrì o. NiMH AA mẹ́rin tó ṣeé gba iná sí, kí wọ́n jẹ́ irú kan náà, kí wọ́n sì jọ kún. Volt 1.2 ni wọ́n kọ sí i, alkaline jẹ́ 1.5, síbẹ̀ NiMH ló ń yára dá iná padà fún fláàṣì. Bẹ́ ẹ bá sì ń fi agbára 1/1 ya fọ́tò léraléra, orí fláàṣì á gbóná, á sì dáṣẹ́ dúró. Ẹ gbé ISO sókè dípò.

Fọ́tòlójú: Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ rí sí fláàṣì Vivitar 283 àtijọ́ lórí kámẹ́rà ìgbàlódé?

Ọ̀gá Ṣọ́tà: Ẹ wọn volt ẹsẹ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e lé nǹkan kan, àwọn 283 kan wà tó ń gbé ju 200 lọ. Ẹ tan fláàṣì, ẹ dúró kí iná ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ tàn. Ẹ fi mítà tó ń wọn volt sí DC, orí pupa sí ojú irin àárín, dúdú sí irin ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀. Tó bá ju 6 volt lọ, ẹ má gbé e sórí kámẹ́rà tí ìwé rẹ̀ kò bá sọ gbangba pé ó gbà á. Tó bá sì yè, ẹ rántí pé kámẹ́rà kò ní mọ̀ pé fláàṣì wà lórí òun, kò sì ní dín eré ṣọ́tà (aṣọ inú kámẹ́rà tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ wọlé) kù fún yín. Ẹ má jẹ́ kí eré ṣọ́tà kọjá 1/200 ìṣẹ́jú àáyá. Ní 1/500, aṣọ ṣọ́tà á ti bo apá kan kí iná tó tàn, ilà dúdú á sì gba ibẹ̀ kọjá.