Mọ́ńdè ni wọ́n wọlé, SS1 English ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

TíṣàTuntun: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará ibí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè dá mi lóhùn. Àná ni prínsípà pè mí pé tíṣà English ti gba tránsífà, pé èmi ni màá mú SS1 láti Mọ́ńdè. Government ni mo kà, òun náà ni mo ń kọ́ wọn látẹ̀yìnwá. Kí lẹ máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́?

ÌyáÌbejì: Ilé ìwé ìjọba ni àbí ti aládàáni? Ọmọ mélòó ló wà níbẹ̀? Ẹ ò sọ nǹkan kan fún wa. Ẹ kọ́kọ́ mọ iye tó ní ìwé lọ́wọ́ ná, torí ẹ lè wọlé kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣí ojú ewé 5 kí gbogbo wọn máa wò yín.

AlàgbàChalk: Ọmọ mi, ọdún 22 ni mo fi kọ́ English kí n tó fẹ̀yìn tì. Essay ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Nínú Paper 2 WAEC, essay nìkan gba máàkì 50, comprehension 20, summary 30. Nínú 50 yẹn, 10 ni ti kókó ọ̀rọ̀, 10 ni ti bó ṣe tò ó, 20 ni ti bí gbólóhùn ṣe já gaara tó, 10 tó kù ni ti spelling àti kọ́mà òun fúlúsitọ́ọ̀pù. Jẹ́ kí wọ́n kọ ojú ewé kan péré lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó o gbé e lọ sílé lọ kà, wàá mọ irú ẹni tó o fẹ́ kọ́.

DáreÌkòròdú: Ẹ má bínú sà, summary ló ń pa àwọn ọmọ yìí o. Wọ́n á kàn gbé gbólóhùn látinú passage bó ṣe wà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, máàkì á sì fò lọ.

Kọ́pàÀná: Ohun tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pe ọmọ kankan dìde pé kó kàwé sókè lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọdún tí mo ń ṣe kọ́pà, mo pe ọmọbìnrin kan, ìlà méjì péré ló kà. Ó pe house ní "ouse", nígbà tó dé ibi egg ó pè é ní "hegg". Ni kíláàsì bá bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Ó rọra jókòó, ó fi ìwé bojú. Àtọjọ́ yẹn kò dá mi lóhùn mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀. Tí mo bá ti wọlé, á kàn máa fi bíìrò fa ìlà kan náà sórí tábìlì rẹ̀, ìlà yẹn jìn débi pé ìka lè wọ̀ ọ́. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ó ń dùn mí di òní.

Adùkẹ́_Ifẹ̀: Yéè! Ẹ̀yin gan-an ló ṣẹ̀ ẹ́ o. Yorùbá ò ní v, kò ní z, kò ní th, ibo lẹ fẹ́ kí ọmọ ti rí i? Àwa ará Ìbàdàn kan wà tó jẹ́ pé iṣu gan-an, "isu" la ń pè é, kẹ́ ẹ wá gbọ́ fish lẹ́nu wa. Ọmọ tó ní "Daddy are coming", ọ̀wọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń bù fún un, "wọ́n ń bọ̀" ló ń rò lọ́kàn. Èyí tó pe ìyá rẹ̀ ní "he", ṣebí "ó" la ń pe ọkùnrin àtobìnrin.

BàbáTádé: Irú ìkẹ́ra báyìí ló ń ba àwọn ọmọ jẹ́. Láyé tiwa, ẹni tó bá sọ vernacular, wọ́n á fi pátákó kọ́ ọ lọ́rùn ni, a sì mọ English. Kí tíṣà yìí fòfin de Yorùbá láti Mọ́ńdè.

Adùkẹ́_Ifẹ̀: Bàbá, mi ò gbà. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa àtàwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ ti ṣe é ní St. Stephen's "A" ní Mọ́dákẹ́kẹ́, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, English jẹ́ iṣẹ́ kan tí tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò kẹ́yìn nínú English, wọ́n tún ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ.

BàbáTádé: Primary nìyẹn. SS1 là ń sọ. Ọdún mẹ́ta péré ló kù fún wọn tí WAEC á fi dé.

MámaKẹ́mi: Ẹ̀yin tíṣà ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ tèmi náà ń wọ SS1, science lọkọ mi ń fẹ́, commercial lọmọ ní òun ń lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

ÌyáÌbejì: Màmá Kẹ́mi, ẹ lọ ṣí ti yín lọ́tọ̀ jọ̀ọ́. Ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ ti dákẹ́, ẹ̀yin ń jà.

TíṣàTuntun: Mo wà ńbẹ̀ mà, gbogbo rẹ̀ ni mo kà. Ilé ìwé ìjọba ni, ọmọ 74 ni wọ́n kọ fún mi. Alàgbà, ẹ foríjì mí, mi ò lè ka ewé 74 mọ́ Government SS2 àti SS3 tó ṣì wà lọ́rùn mi. Èyí tẹ́nì kankan ò dárúkọ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, oral, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ Kọ́pà ni ò jẹ́ kí n sùn. Mo pe àwọn ọmọ mi lálẹ́ àná, mo ní kí wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu, kí wọ́n pe house. Afẹ́fẹ́ kan ọwọ́. Wọ́n pe egg, ọwọ́ ò gbọ́ nǹkan kan. Èyí tó kéré jù fi odidi wákàtí kan pe gbogbo nǹkan inú ilé sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Gbogbo kíláàsì ló máa jọ pè é lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kankan ò ní dá dìde.

AlàgbàChalk: Oral ò burú, ìbéèrè 60 ni nínú WAEC, ìṣẹ́jú 45. Àmọ́ essay ni mo ṣì dúró lé. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, pín wọn sí mẹ́rin kó o máa gba ti ìdá kan lọ́sẹ̀ kan.

Kọ́pàÀná: Ẹ jọ̀ọ́ lálẹ́ Mọ́ńdè ẹ kọ bó ṣe lọ síbí. Màá dúró kà á.